Ìwé Aṣọ Inú Àpótí Gíláàsì

Ilé ìkàwé ìlú ò tíì ṣílẹ̀kùn fáwọn òǹkàwé láàárọ̀ Sátidé yẹn nígbà tí Àǹtí Pẹpẹ, tó ń bójú tó ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà àti ìgbafẹ́, ṣí àpótí gíláàsì tó wà láàárín ẹ̀ka náà. Ó gbé páálí ńlá inú rẹ̀ sórí tábìlì, ó tú aṣọ funfun tí wọ́n fi wé ohun tó wà nínú páálí náà, ló bá figbe ta. Kì í ṣe obìnrin tó máa ń pariwo. Àwọn tó ń gbálẹ̀ nísàlẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sáré gun àtẹ̀gùn wá.

Ìwé aṣọ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ahunṣọ kan tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kò sì ní èkejì láyé. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní ègé aṣọ kan tí bàbá náà hun, tó rán etí òkè rẹ̀ mọ́ páálí, láti orí èyí tó rọrùn jù dé èyí tó ń dá àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lágara. Ìwé náà fẹ̀ bíi tíréè tí wọ́n fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ohun tí Àǹtí Pẹpẹ wá bá nínú aṣọ funfun ni ìwé gbàǹgbà kan lórí ọkọ̀ ojú omi, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an làwọn ìgbìmọ̀ ìlú ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan nínú wọn ti ń sọ pé ìwé bọ́ọ̀lù, ìwé ijó àti ìwé àwòrán kì í ṣe ìmọ̀, pé kí wọ́n palẹ̀ ẹ̀ka náà mọ́, kí wọ́n fi yàrá rẹ̀ ṣe ọ́fíìsì. Àǹtí Pẹpẹ ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ wá fojú ara wọn rí i. Òun á gbé ìwé aṣọ jáde nínú gíláàsì fáwọn òǹkàwé fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí wọ́n ti tì í mọ́ ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ á lè ṣí i, á sì lè fọwọ́ kan aṣọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá dé tí wọn ò bá ìwé, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ẹ̀ka tó ti fi gbogbo ara tọ́jú á sì di ọ́fíìsì.

Ọ̀gá Àgbà ilé ìkàwé náà, ọkùnrin gíga kan tí táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, pe ọlọ́pàá kó tó ní kí obìnrin náà jókòó.

Ìsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n rán wá, Má-kánjú làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe pé ó lọ́ra o. Ọ̀rọ̀ tó máa ń wà lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ó sì ti fi mú olè púpọ̀ tó ń kánjú. Sájẹ́ńtì tó tẹ̀ lé e, obìnrin abara-gbẹ̀ǹgbẹ̀ kan, ti yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ látìgbà tó ti wọlé, bí ẹni pé ó ń wá ọwọ́ tó máa bá a mu.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí yìí?" Má-kánjú béèrè.

"Òun nìkan," Ọ̀gá Àgbà dáhùn. "Ọrùn rẹ̀ ló fi kọ́, ẹ wò ó."

"Ṣé wọ́n já a ni?"

"Wọn ò já nǹkan kan. Gíláàsì ò sán, àgádágodo ò yẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Sà, ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ ló ni ìdáhùn. Olè ni, mi ò lè pè é lórúkọ mìíràn."

Àǹtí Pẹpẹ di kọ́kọ́rọ́ náà mú. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún.

Lórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, obìnrin arúgbó kan jókòó, ó ń fọwọ́ pa apá rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú. Màmá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí, nítorí pé bí èèyàn bá ti ń ṣí ìwé, ohun tó máa gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni, "Jẹ́jẹ́ o!" Òun ló dá ẹ̀ka yìí sílẹ̀, òun ló kọ́ Àǹtí Pẹpẹ níṣẹ́ láti kékeré. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ìfẹ̀yìntì ò mú un jókòó sílé. Ojoojúmọ́ ló ń wá, wọ́n sì máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un kí wọ́n tó ṣí tàwọn òǹkàwé.

Ọ̀gá Àgbà kọjú sí i. "Màmá, ẹ ṣáà wà níbí. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ bá wa bá ọmọ yín sọ̀rọ̀, kó sọ ibi tó gbé ìwé sí, ká má bàa tẹ́ lójú àwọn ìgbìmọ̀."

Màmá Jẹ́jẹ́ wo ojú fèrèsé.

Má-kánjú ní kí Àǹtí Pẹpẹ mú òun yí ẹ̀ka náà ká. Sájẹ́ńtì rò pé àkókò ló ń fi ṣòfò, ó sì fi ojú sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń rìn láàárín àwọn pẹpẹ náà, bẹ́ẹ̀ ni ìsípẹ́kítọ̀ yìí ń rí i pé òun ò tíì rí irú ibẹ̀ rí. Kò sí ìwé kan tó wà níbẹ̀ láìnídìí. Ìwé bọ́ọ̀lù wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Àwọn tó ń wá bọ́ọ̀lù kì í fẹ́ rìn jìnnà," Àǹtí Pẹpẹ ṣàlàyé. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n bó ṣe ń dárúkọ ìwé rẹ̀ ló ń le sí i. "Mo wá pín in sí ọ̀nà méjì. Ìdajì wà níbí, ìdajì wà lọ́ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n á gba iwájú àwọn ìwé àwòrán kọjá. Agbábọ́ọ̀lù kan wà tó ń ya àwòrán báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló mú un débẹ̀."

Má-kánjú rẹ́rìn-ín. "Ìdẹkùn lẹ dẹ nìyẹn."

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú Sájẹ́ńtì o."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ijó, bẹ́ǹṣì kan wà níbi tó farasin díẹ̀. Àǹtí Pẹpẹ ní àwọn ìgbìmọ̀ ti sọ pé kí wọ́n kó ìwé ijó dànù nítorí pé kò sẹ́ni tó ń yá a. "Òótọ́ ni, wọn kì í yá a. Ojú ń tì wọ́n láti gbé e lọ síwájú akọ̀wé. Àmọ́ mo ti sọ fún gbogbo òǹkàwé pé kí wọ́n má dá ìwé padà sórí pẹpẹ, kí wọ́n fi sílẹ̀ lórí tábìlì. Nírọ̀lẹ́, ohun tó bá wà lórí tábìlì, mo mọ̀ pé wọ́n ṣí i. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá ìwé ijó níbẹ̀. Àwọn bàbá àgbà ló ń kà á jù. Ni mo bá gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀ fún wọn."

Ó fi apẹ̀rẹ̀ kan hàn án nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kékeré, níbi tí àwọn ìwé tó pè ní "àwọn tó ti fẹ̀yìn tì" wà: ìwé eré tí òfin rẹ̀ ti yí padà, ìwé kámẹ́rà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, ìwé tí ẹ̀yìn wọn ti já kọjá àtúnṣe. Ẹni tó bá fẹ́ lè mú nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

"Ìwé ọkọ̀ ojú omi tí ẹ bá nínú páálí ńkọ́?"

"Inú apẹ̀rẹ̀ yìí ló wà lánàá."

Má-kánjú mi orí. Ó ti rí ìwé kan nípa fífi ìwọ̀ pẹja; ó mú un, ó ṣí i wò díẹ̀, ó sì dá a padà sórí pẹpẹ. Kíá ni obìnrin náà ti fọwọ́ tì í wọlé ní ìwọ̀n ìbú ìka kan.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fà á dé etí bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń kó ìwé kiri máa ń gbá ẹ̀yìn wọn. Màmá ló máa ń fà wọ́n bọ́ sí etí pẹpẹ gan-an, tí wọ́n á tò gbọnrangandan. Ọ̀rọ̀ tí a ò tíì parí nìyẹn látọjọ́ tó ti ń kọ́ mi níṣẹ́. Ìyẹn àti ti ìwé aṣọ."

"Kí ni ti ìwé aṣọ?"

"Màmá ò fẹ́ kó jáde nínú gíláàsì. Òǹkàwé kan ti da tíì sí ojú ewé rẹ̀ kan nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbàgbé ẹ̀ títí dòní. Mo ní, Màmá, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, òkú ìwé ni. Ó ní òkú sàn ju èyí tó ya lọ." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àmọ́ ìyá mi ni. Lánàá, òun ló bá mi gbọn eruku rẹ̀. Pẹ̀lú ìyẹn náà, kò jẹ́ ká gbé ègé aṣọ kankan sókè, ojú wọn nìkan la nù. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà pè mí sísàlẹ̀, ó bá mi wé e, ó dé páálí. Mo padà dé, mo bá òun nìkan níbẹ̀, inú ń bí i, ó ní Télọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òun fa ọ̀rọ̀. Mo gbé páálí sínú gíláàsì, mo tì í pa."

"Ẹ ò ṣí i wò kẹ́ ẹ tó tì í?"

"Kí ni mo fẹ́ wò, sà? Màmá ló wé e."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Télọ̀ tó ń wí yìí, ó sì dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ Sájẹ́ńtì. Obìnrin tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún ni, téèpù ìwọ̀nṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n tíì bi í tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti mọ̀ pé ẹ ó pè mí! Wọ́n ti sọ fún yín pé mo ní ìwé bàbá mi ni, pé n ó gbé e lọ lọ́jọ́ kan. Mo sọ ọ́ o. Mi ò lè fẹ̀jẹ̀ sínú kí n tutọ́ funfun jáde. Bàbá tó bí mi ló hun gbogbo aṣọ yẹn. Ó gbé e fún ilé ìkàwé kí àwọn èèyàn lè fọwọ́ kàn án, kí wọ́n mọ̀ ọ́n hun. Wọ́n tì í mọ́ inú gíláàsì. Aṣọ ìparí rẹ̀, mo ti wo ojú rẹ̀ títí, mi ò mọ bó ṣe so òwú rẹ̀. Aṣọ tí èèyàn rí ojú rẹ̀ tí ò rí ẹ̀yìn, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Kí ló dé lánàá?"

"Mo wá bẹ Màmá Jẹ́jẹ́ pé kó jẹ́ n rí ẹ̀yìn aṣọ yẹn kí èrò tó dé. Ó ti di páálí tán. Ó ní kí n lọ. Mo ní mi ò lọ. Ló bá dìde, ó ní òun ń lọ mu omi, ó ń ti kẹ̀kẹ́ ìwé rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó padà dé, ó tún bẹ̀rẹ̀, ni mo bá bínú lọ."

"Ìyẹn ni pé ó fi ẹ nìkan sílẹ̀ ti páálí náà," Sájẹ́ńtì sọ, ó sì mi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀.

"Ó fi mí sílẹ̀. Mi ò sì fọwọ́ kàn án. Bí mo bá fẹ́ jí i, ṣé n ó wá dúró kẹ́ ẹ wá bá mi?" Ohùn rẹ̀ rọ̀ lójijì. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé ẹni tó gbé e mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ kan omi? Àwọ̀ òwú yẹn máa ń ṣí. Ṣé kò ní ti ká a ní méjì?"

Má-kánjú ní òun ò tíì mọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ bá ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń yẹ àpò gbogbo èèyàn wò bí wọ́n bá ń jáde, títí kan àpò Ọ̀gá Àgbà. Ọkùnrin náà búra pé ohun tó fẹ̀ tó tíréè ò lè gba ọ̀dọ̀ òun kọjá lánàá láì jẹ́ pé òun rí i. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́? Òun náà ló ń ṣí i, òun náà ló ń tì í.

Ìsípẹ́kítọ̀ padà sókè, ó fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Jẹ́jẹ́.

"Màmá, ẹ kú jókòó."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó báyìí. Ẹ ní kí àwọn ìgbìmọ̀ máa bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ lejò fi ń gun àgbọn."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ta lẹ rò pé ó gbé e?"

"Kí n má purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Télọ̀ ò jí i. Ọmọ mi yìí ò sì jí i." Ó tún fọwọ́ pa apá rẹ̀. "Ọmọ yìí kì í ṣe olè. Ẹ má dè é o."

"Mi ò ní dè é bí mo bá rí ẹni tó gbé e, Màmá."

Obìnrin náà gbé ojú sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò dúró. Ó kó àwọn ìwé tó wà lórí tábìlì kékeré iwájú rẹ̀ jọ, ó gbá wọn títí tí ẹ̀yìn wọn fi bá etí tábìlì dọ́gba. Má-kánjú wo ọwọ́ náà, ó dìde, ó ní òun fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀.

Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá kan wà tí wọ́n kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ ti káńsù sí. Wọ́n di wọ́n ní ìdì ńláńlá, wọ́n sì tò wọ́n bí ẹni ń to igi ìdáná: èyí yọrí síta, èyí wọ inú, èyí fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Eruku bo gbogbo wọn. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni ti wọbẹ̀ wá kàwé láti ìgbà tí wọ́n ti kó wọn síbẹ̀. Má-kánjú rìn jẹ́jẹ́ kọjá pẹpẹ kan sí òmíràn, títí tó fi dé èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gbogbo ìdì orí pẹpẹ yẹn tò gbọnrangandan, ẹ̀yìn wọn bá etí pákó dọ́gba, a ti nu eruku wọn. Ó dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó wá pe Sájẹ́ńtì kó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kó má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni wọlé.

"Ṣé kí n de ẹnì kan?" Sájẹ́ńtì béèrè.

"Má kánjú," ó fèsì.

Nígbà tó kó wọn jọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà, ó kù díẹ̀ kí àwọn ìgbìmọ̀ dé. Ọ̀gá Àgbà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ lọ́nà tí ń mú èèyàn bínú. Télọ̀ dúró lẹ́yìn. Àǹtí Pẹpẹ ti bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó gbé e sórí àpótí gíláàsì bí ẹni tó ti gbà pé kò sí òun níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìwé fọ́n kálẹ̀ lórí tábìlì; Má-kánjú ló fọ́n wọn.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi to àwọn ìwé yìí sórí pẹpẹ tó ṣófo yẹn," ó wí. "Èmi ò mọ̀ ọ́n tò."

Obìnrin àgbà náà dìde. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn láti rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá kọ́kọ́rọ́ láre," Má-kánjú bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá Àgbà, kọ́kọ́rọ́ lẹ tẹ̀ lé, òun ló sì gbé yín dé ọ̀dọ̀ Àǹtí yìí. Àmọ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò nílò láti fi ìwé mìíràn dípò. Á gbé e ni, á sì lọ. Ẹni tó nílò láti fi nǹkan wúwo sínú páálí ni ẹni tó fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé páálí náà wọ inú gíláàsì kó má fura. Ìwé aṣọ ti jáde kí wọ́n tó tì í. Ó ku ẹni tó wà ti páálí náà nígbà tí Àǹtí wà nísàlẹ̀: Télọ̀ àti Màmá."

Ọ̀gá Àgbà kọjú sí Télọ̀ lójú ẹsẹ̀. Télọ̀ na ọrùn, kò sì gbé ojú kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ fara balẹ̀ sà. Ọlọ́dẹ yín ò jẹ́ kí ohun tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde. Ìwé náà ò kúrò nílé yìí. Télọ̀ tó bá fẹ́ ìwé bàbá rẹ̀, ilé ló máa gbé e lọ, kò ní fi pamọ́ síbi tí òun náà ò ti ní rí i. Ẹ tún wo ohun tí ẹni náà fi dípò. Pẹpẹ kún fún ìwé gbàǹgbà tó dára, ìdí apẹ̀rẹ̀ ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ló lọ, kó má bàa sí òǹkàwé tó máa wá ìwé rẹ̀ tì. Ó sì fi aṣọ funfun wé ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ó ká igun aṣọ náà kí etí ìwé má bàa ṣẹ́. Mo ti ń mú olè látọjọ́ tó ti pẹ́, mi ò tíì rí èyí tó ṣìkẹ́ ìwé báyìí."

Ìró ìwé tí Màmá Jẹ́jẹ́ ń tò nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

"Télọ̀ sọ pé Màmá lọ mu omi, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ ìwé lọ. Ẹ bá mi rò ó: ta ló ń ti kẹ̀kẹ́ lọ mu omi? Àmọ́ gbogbo yín ti mọ̀ ọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́, ojú yín ò rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ìwé aṣọ ló wà lórí rẹ̀. Ohun tó wá ká mi lára jù nìyí. Gbogbo èèyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ lónìí ló ń bẹ̀rù fún ìwé náà. Télọ̀ ní ṣé kò ní kan omi, ṣé wọn ò ní ká a. Ẹni kan ṣoṣo tó ti ń fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ̀rù fún un, kò bi mí léèkan bóyá ó wà láìléwu. Ó mọ̀ pé ó wà láìléwu ni." Ó yíjú sí pẹpẹ. "Ẹ wo bí ó ṣe tò wọ́n."

Wọ́n wò ó. Gbogbo ìwé ti bọ́ sí etí pẹpẹ, wọ́n tò gbọnrangandan, kò sí èyí tó yọ ju èkejì lọ. Ọwọ́ Màmá Jẹ́jẹ́ ṣì wà lórí èyí tó kẹ́yìn. Kò gbé e kúrò.

"Pẹpẹ kan wà ní yàrá ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó tò báyìí," Má-kánjú sọ jẹ́jẹ́. "Láàárín gbogbo ìdàrúdàpọ̀ ibẹ̀, òun nìkan ló mọ́. Màmá, ẹ gbé ìwé pamọ́ tán, ó yẹ kẹ́ ẹ máa lọ. Ọwọ́ yín ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ fi pẹpẹ sílẹ̀ ní wúruwùru."

Àǹtí Pẹpẹ ló sáré débẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn. Ó fa àwọn ìdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì rí ìwé aṣọ láàárín wọn, tí wọ́n fi ìborùn funfun kan wé. Gbogbo wọn mọ ìborùn náà. Lẹ́yìn àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń wà.

Màmá Jẹ́jẹ́ rọra dé. Kò sẹ́ nǹkan kan.

"Mo rò pé wọn á kàn sún ọjọ́ náà síwájú ni," ó wí. "Mo ní tó bá yá, n ó ní mo rí i níbì kan. Mi ò mọ̀ pé wọn á pe ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n dé, ẹnu mi kọ̀, kò là."

"Màmá," Àǹtí Pẹpẹ pè é. Ìwé náà wà láyà rẹ̀. "Ẹ jókòó síbẹ̀ nígbà tí Ọ̀gá pè mí lólè."

"Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi."

Omijé tí obìnrin náà ti ń dì mú láti àárọ̀ wá já bọ́. Ó yí ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíákíá kó má bàa kán sí i, Màmá Jẹ́jẹ́ sì na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láti bò ó. Ọwọ́ àwọn méjèèjì pàdé lórí rẹ̀. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, a ò lè fi kọ́ èèyàn bí kò bá ti inú rẹ̀ wá.

Sájẹ́ńtì gbé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sókè. "Ọ̀gá, ṣé òun ni ká dè?"

"Ìwé ilé ìkàwé tó wà nínú ilé ìkàwé, ta ló jí i?" Má-kánjú dáhùn. "Wọ́n tò ó síbi tí kì í ṣe ibi rẹ̀ ni. Bí a bá ń ti èèyàn mọ́lé nítorí ìyẹn, gbogbo òǹkàwé ìlú yìí ló máa sùn sí àgọ́ wa." Ó yíjú sí arúgbó náà, ojú rẹ̀ ò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Àmọ́ orúkọ burúkú kan wà lórí ọmọ yín, Màmá. Èmi ò lè bá yín gbé e kúrò."

"Mo mọ̀," Màmá Jẹ́jẹ́ wí. Ó gba ìwé náà, ó sì ṣáájú wọn padà.

Àwọn ìgbìmọ̀ ti ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Olórí wọn, ọkùnrin kan tó sanra, tó sì ti rẹ̀ ẹ́, wo àpótí gíláàsì tó ṣófo, ó wo ọlọ́pàá, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Àgbà la ẹnu, ṣùgbọ́n Màmá Jẹ́jẹ́ ti gbé ìwé sórí tábìlì.

"Èmi ni mo gbé e pamọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ sì dé ibi ìwé ijó. "Mo jẹ́ kí wọ́n pe ọmọ yìí lólè ní ojú mi. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, ẹ bá mi wí. Àmọ́ ẹ̀ka yìí tí ẹ̀ ń wò, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ló sọ ọ́ di nǹkan. Ọwọ́ mi ò lè ṣe é tó báyìí láéláé."

Ọ̀gá Àgbà tún táì rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú sí mi," ní ohùn tí gbogbo èèyàn gbọ́, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lórí gíláàsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Màmá Jẹ́jẹ́ ṣí ìwé náà dé ojú ewé ìparí. Ó wo Télọ̀.

"Wá."

Télọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó súnmọ́ tábìlì, ó na ìka kan, ó sì dúró. "Màmá, ṣé jẹ́jẹ́ ni?"

"Fọwọ́ kàn án bí bàbá rẹ ṣe fọwọ́ kàn án."

Télọ̀ gbé etí aṣọ náà sókè, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Lójú aṣọ, àwọ̀ méjì péré ló hàn. Lẹ́yìn rẹ̀, òwú pupa kan tí ẹnikẹ́ni ò rí rí sáré láti ìhà kan dé èkejì, ó ń wọlé, ó ń jáde, òun ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

"Òun nìyí!" Télọ̀ kígbe. "Òun ni mo ti ń wá! Bàbá mi, òun nìyí!"

Àwọn ìgbìmọ̀ tó wà lẹ́yìn ń tì síwájú láti rí i. Olórí wọn na ọwọ́ rẹ̀ náà, Àǹtí Pẹpẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé kó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́, omi wà lápá òsì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n sì tò sẹ́yìn ara wọn níbẹ̀, wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè. Má-kánjú lọ sí ibi ìwé ìwọ̀, ó mú èyí tó wù ú, ó sì ti àwọn tó kù wọlé ní ìwọ̀n ìbú ìka kan.

Màmá Jẹ́jẹ́ ò kúrò nídìí tábìlì. Ó tẹ̀ síwájú títí tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òwú pupa náà.

"Gbogbo ọdún tí mo fi tọ́jú rẹ̀ yìí," ó wí wẹ́rẹ́, "mi ò rí ẹ̀yìn rẹ̀ rí."

Àǹtí Pẹpẹ súnmọ́ ọn. Ó mú ìborùn tó wà lórí tábìlì, ó gbọn eruku rẹ̀, ó sì fi bo èjìká ìyá rẹ̀.

"Òtútù ti ń mú yín láti àárọ̀," ó wí.